Ìgò ṣáńpéènì ọdún 2012 tó ń gbé orí wọ́dúróòbù

Ẹ kú oṣù yìí o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọtí ló pọ̀ jù níbẹ̀, bóyá torí ìnáwó oṣù Kejìlá ti ń kanlẹ̀kùn ni. Mo ṣa mẹ́rin nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ló máa gùn jù torí òun lẹjọ́ ẹ̀ pọ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgò ọtí kan ló ń dá ìjà sílẹ̀ nílé mi n'Íbàdàn níbí. Nígbà tí mo pé àádọ́ta ọdún ní 2021, àbúrò ọkọ mi tó wà ní London gbé ṣáńpéènì kan wá fún mi, inú páálí tó rẹwà ló wà, ó ní kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé kiri òde àríyá o, pé eléyìí lọ́dún lára. Èmi kì í mutí, mo bá gbé e sórí wọ́dúróòbù, ibẹ̀ ló wà títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kẹ́hìndé mi fẹ́ ṣègbéyàwó nínú oṣù Kejìlá, mo wá ní ká gbé e jáde fáwọn àna. Táyé ní ó ti bàjẹ́, torí 2012 ni wọ́n kọ sí i lára. Bàbá wọn ní irọ́ ni, pé wáìnì tó bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ṣe ń dùn sí i, pé ká tiẹ̀ tà á ká fowó ẹ̀ kún owó màlúù. Ìyá ọkọ mi wá da gbogbo ẹ̀ rú, ẹnì kan ti sọ fún wọn pé "Veuve" inú "Veuve Clicquot" tí wọ́n kọ sára ìgò, opó ló túmọ̀ sí, Màmá ní àwọn ò ní jókòó kí wọ́n gbé ọtí opó sórí tábìlì ìyàwó tuntun. Ẹ gbà wá o. — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀, Olúwa á jẹ́ ká fẹ̀rín ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín.

Òótọ́ lẹni yẹn sọ fún wọn. Veuve, opó ni lédè Faransé, Clicquot sì lorúkọ ọkọ tó kú. Opó Clicquot ni wọ́n kọ síbẹ̀ gbangba. Obìnrin náà gbé ayé lóòótọ́, Barbe-Nicole Ponsardin lorúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́, 1777 ni wọ́n bí i ní ìlú Reims nílẹ̀ Faransé, ọmọ olówó ni, òwò aṣọ ni bàbá ẹ̀ ń ṣe kó tó tún wá di mẹ́yọ̀ ìlú náà nígbà ayé Napoleon. Ní 1798 ó lọ sílé ọkọ, ó fẹ́ François Clicquot, ọmọ Philippe Clicquot tó dá ilé ọtí yẹn sílẹ̀ ní 1772. Philippe yìí náà, aṣọ ni iṣẹ́ ẹ̀ gan-an, ọtí kàn jẹ́ ohun tó ń tà mọ́ ọn ni, François ọmọ ẹ̀ ló ní ọtí lòun máa gbájú mọ́. Ọdún keje tí wọ́n fẹ́ra, 1805, ibà gbé François lọ. Ọmọ ọdún 27 nìyàwó ẹ̀ nígbà yẹn, ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, Clémentine, ọmọ ọdún 6.

Ó dun bàbá ọkọ débi pé ó ní kí wọ́n ti ilé ọtí pa. Opó yìí ló ní ó tì o. Ibí lọ̀rọ̀ tiwọn ti yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ tiwa láyé ọjọ́un, opó á wọlé opó, wọn ò ní jẹ́ kó jáde, ẹbí ọkọ á sì ti máa wo ẹni tó máa ṣú u. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin tí Napoleon gbé jáde ní 1804 fi obìnrin tó bá wà nílé ọkọ sábẹ́ ọkọ ẹ̀ pátápátá, kò lè dá tọwọ́ bọ ìwé òwò láìjẹ́ pé ọkọ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti lè di opó báyìí, ó ti dá dúró nìyẹn, ó lè yáwó, ó lè gbààyàn síṣẹ́, ó lè fi orúkọ ara ẹ̀ tajà. Bàbá ọkọ gbà fún un, ó kàn ní kó kọ́kọ́ bá ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà ṣòwò pọ̀, Alexandre Fourneaux, ọdún mẹ́rin ni wọ́n jọ ṣe. Nígbà tó di 1810 tí kálukú gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, obìnrin yìí yí orúkọ ilé ọtí náà padà sí Veuve Clicquot-Ponsardin, orúkọ ọkọ àti orúkọ bàbá ẹ̀, ó wá fi opó ṣíwájú méjèèjì. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kò fi ṣọ̀fọ̀ o, ó fi ń sọ fáwọn oníbàárà pé èmi ni mo ni ín, èmi ni kẹ́ ẹ wá bá. Ẹni ọdún 88 ló kú ní 1866, ó ti lówó, ó ti kọ́ ilé ńlá sí ìlú Boursault, wọ́n ti mọ orúkọ ẹ̀ dé Rọ́ṣíà. Tí wọ́n bá ní kí n mú obìnrin kan fi wúre fún ìyàwó tuntun pé kó lówó kó sì dàgbà, èmi ò ní yọ tiẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò bá Màmá jiyàn o. Tọ́kàn wọn ò bá ṣì gbà á, ẹ má gbé e dé òde, ẹ mu ún nílé lọ́jọ́ kejì.

Ó kan Táyé. 2012 yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí ọtí máa bàjẹ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sígò. Ọdún tí wọ́n ká èso àjàrà ẹ̀ lóko ni. Ọtí tí agbára ẹ̀ bá sì ti tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò sọ pé dandan ni kí wọ́n kọ ọjọ́ tó máa parí sí i lára, ti ṣáńpéènì máa ń tó 12. Táyé lè yí ìgò yẹn sókè sódò títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí i níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n wá ń kọ ọdún sára ìgò kan tí wọn ò kọ ọ́ sára èkejì? Agbègbè Champagne yẹn, apá àríwá ilẹ̀ Faransé ló wà, òtútù ibẹ̀ pọ̀ fún àjàrà, lọ́dún míì èso á pọ́n dáadáa, lọ́dún míì á kan bí àgbálùmọ̀ àìpọ́n. Kí oníbàárà má baà máa rojọ́ pé ti èṣí dùn ju ti ọdún yìí lọ, wọ́n máa ń tọ́jú wáìnì ọdún tó ti kọjá pamọ́, wọ́n á fi lú tuntun, bí elépo ṣe ń da epo àná mọ́ tòní kí àwọ̀ ẹ̀ lè dọ́gba, àmọ́ tiwọn kì í ṣe màgòmágó, òfin mọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n lù pọ̀ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́jà, kì í lọ́dún lára, òun ni oníbébà aláwọ̀ ẹyin adìẹ tẹ́ ẹ máa ń rí lóde òwàmbẹ̀. Tọ́dún kan bá wá dára ju ara lọ, wọ́n á ní rárá o, eléyìí ò gbọdọ̀ bá ẹlòmíì pò, àjàrà ọdún yẹn nìkan ni wọ́n á fi ṣe é, wọ́n á sì kọ ọdún ẹ̀ sí i lára. Ilé Clicquot ní ọ̀dọ̀ àwọn nirú ẹ̀ ti kọ́kọ́ wá ní Champagne, ní 1810 kan náà tí opó yẹn gba ilé ọtí sọ́wọ́ ara ẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ló sọ ọ́ di olówó. Ní 1811 ìràwọ̀ onírù kan yọ lójú ọ̀run, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń rí i, ìkórè ọdún yẹn sì dùn débi tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé ìràwọ̀ ló fà á. Ogun Napoleon ò wá jẹ́ kí ọjà lọ, ìgò jókòó sínú ihò ilẹ̀, àwọn ọba tó máa rà á ń bára wọn jà. Àsìkò tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ní 1814, kí àwọn tí wọ́n jọ ń ta irú ọjà yẹn tó jí, obìnrin yìí àti àgbà aṣojú ẹ̀ Louis Bohne ti kó ìgò 10,550 sínú ọkọ̀ ojú omi kan, ó di ìlú èbúté Königsberg, láti ibẹ̀ ó di Rọ́ṣíà. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń jà sí i ni. Ẹ ẹ̀ rí i pé obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ máa fi ọ̀rọ̀ opó dẹ́rù bà.

Ọdún 2012 tiyín náà ò rọrùn o. Ìrì dídì jó ọ̀mùnú àjàrà nínú oṣù Kẹrin, òjò yìnyín wá já èyí tó kù, àrùn ewé náà tún dé, àwọn àgbẹ̀ ti káwọ́ lérí, àfìgbà tó di oṣù Kẹjọ tí oòrùn wá ràn bí ẹni tó ń san gbèsè. Èso tó kù lórí igi ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn, kíkan ẹ̀ sì wà níbẹ̀, méjèèjì yẹn pa pọ̀ ni wọ́n ń wá. Wọn ò sì gbé e jáde lọ́dún yẹn. Èyí tí ò lọ́dún lára, oṣù 15 ló gbọ́dọ̀ lò lábẹ́ ilẹ̀ ó kéré tán kí wọ́n tó tà á, èyí tó lọ́dún lára ọdún 3, ilé tó bá sì mọyì orúkọ ẹ̀ á jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọtí tí àbúrò ọkọ yín gbé wá ní 2021 yẹn, lójú àwọn tó ṣe é, ọmọge ṣì ni.

Bàbá Ìbejì wá ńkọ́? Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ló jóòótọ́. Nínú oṣù Keje ọdún 2010, àwọn òmùwẹ̀ rí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tó rì sísàlẹ̀ òkun Baltic, lẹ́bàá erékùṣù Åland tó jẹ́ ti Finland, nǹkan bíi mítà 50 sísàlẹ̀. Ìgò ṣáńpéènì 168 ni wọ́n kó jáde níbẹ̀, ti Clicquot wà nínú ẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bí ọdún 170 tó ti wà lábẹ́ omi. Bébà ara ìgò ti jẹrà lọ pátápátá, àmì tí wọ́n fi iná jó sára kọ́ọ̀kì ni wọ́n fi mọ ilé tó ni ín. Wọ́n ṣí i, wọ́n tọ́ ọ wò! Wọ́n ní ó kọ́kọ́ ń rùn bí irun ẹran tí omi pa, nígbà tó gbatẹ́gùn díẹ̀ tán ló wá ń ta sánsán, bí nǹkan yíyan, bí awọ. Ṣúgà inú ẹ̀ ju gíráàmù 140 lọ nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ń kọ brut sí lára lóde òní, ìyẹn èyí tí ò dùn púpọ̀, ò gbọdọ̀ tó 12, àwọn ará ìgbà yẹn ń mu ọtí bí ẹni ń fa ìrèké. Ní 2011 wọ́n lu ìgò Clicquot kan nínú ẹ̀ ní gbàǹjo, Euro 30,000.

Mo mọ̀ pé ojú Bàbá Ìbejì ti là. Ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀ o. Kí ló pa ọtí yẹn mọ́? Ìsàlẹ̀ òkun yẹn tutù bí inú fìríìjì, ìwọ̀n 2 sí 4 péré, òkùnkùn biribiri, kò sóhun tó ń mì ín. Ihò tí wọ́n ń kó ọtí sí ní Reims náà bẹ́ẹ̀ ni, inú òkúta ẹfun ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ló ti gbẹ́ òmíì níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wa òkúta tí wọ́n á fi kọ́lé, ẹ̀ẹ̀rùn o, òtútù o, ìwọ̀n 10 sí 12 ló ń wà, ní 2015 UNESCO kọ àwọn ihò yẹn àtọgbà àjàrà ibẹ̀ mọ́ ogún gbogbo ayé. Ẹ wá wo orí wọ́dúróòbù n'Íbàdàn. Páànù lókè, NEPA ti mú iná lọ látàná, ooru oṣù Kẹta. Ohun tó yẹ kí ọtí yẹn fi ogún ọdún dà, ooru á ti sọ ọ́ dà láàárín ọdún díẹ̀.

Èmi náà jẹ nínú ìyà ẹ̀ rí. Ọ̀gá mi kan fún mi nígò tó lọ́dún lára, mo gbé e sórí fìríìjì, mo ní orí o, mi ò ní inú, ibi tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń gbóná bí àdògán, mo ní mo ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ tí mo bá ṣílé. Ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo wá ṣí i, kọ́ọ̀kì ò tiẹ̀ dún, ó kàn yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí eyín ọmọdé, ọtí ti pọ́n bíi tíì, hóhò tó ń gòkè nínú gíláàsì ò ju méjì mẹ́ta lọ, ó ń rùn bí ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ látàárọ̀. Mo mu ún tán ṣá. Mo mọ iye tó ń jẹ́ lọ́jà.

Títà yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Àwọn tó ń ra irú ẹ̀, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni pé níbo lẹ gbé e sí látọjọ́ yìí, tẹ́ ẹ bá sì ti ní orí wọ́dúróòbù, ọ̀rọ̀ ti tán. Ohun tí èmi máa ṣe rèé: lónìí lónìí kẹ́ ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ dá a dùbúlẹ̀ sínú fìríìjì nísàlẹ̀, kó wà níbẹ̀ di oṣù Kejìlá, ẹ sì ra ẹyọ kan tí ò lọ́dún lára tì í. Tó bá di ọjọ́ náà ẹ ṣí ti 2012 lẹ́yìn ilé kẹ́ ẹ tó gbé e dé iwájú àna. Tó bá ṣì ń hó dáadáa, tí àwọ̀ ẹ̀ dà bí oyin tó mọ́, tó ń rùn bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná, ẹ ti jèrè. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tẹ́ ẹ rà tì í á bò yín láṣìírí. Ẹ má sì pe èrò lé e lórí, ìgò kan ò ju gíláàsì mẹ́fà lọ, bàbá àti ìyá ọkọ Kẹ́hìndé, ẹ̀yin náà, ó ti tán.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹmu ni mo fi ọgbọ̀n ọdún dá kí orúnkún tó ní ó tó. Ọmọ ọmọ mi gbé ṣáńpéènì wá lọ́dún Kérésì, mo wò ó fín. Ó ń hó bí ẹmu, àmọ́ ó mọ́ gaara bí omi òjò. Ohun tó bá ń hó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Níbo ni wọ́n kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tiwọn sí? — Bàbá Adẹ́mu, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Bàbá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Látọjọ́ tí mo ti ń dáhùn lẹ́tà níbí, kò sẹ́ni tó tíì bi mí ní èyí, ó sì fi hàn pé ojú adẹ́mu lẹ fi wò ó.

Nǹkan kan náà ló ń hó nínú ẹmu tó ń hó nínú ṣáńpéènì, ìwúkàrà ni. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú gáàsì. Ti ẹmu, gáàsì yẹn ń bá ẹnu akèrègbè jáde lọ, tẹ́ ẹ bá sì rọ ẹmu àárọ̀ sígò kẹ́ ẹ dé e pa, ẹ̀yin náà mọ ohun tójú yín á rí lọ́sàn-án. Ti àwọn ará Champagne, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí omi àjàrà hó tán pátápátá nínú àgbá, á di wáìnì lásán, kò ní hóhò, ó kàn gan-an. Wọ́n á wá rọ ọ́ sígò, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà tuntun sí i, wọ́n á dé e pinpin. Á tún hó lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí gáàsì ò ríbi gbà, á há sínú ọtí. Láyé àtijọ́ tígò ò lágbára tó báyìí, ńṣe ló máa ń bẹ́ nínú ihò ilẹ̀, ọ̀kan á bẹ́, á fọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi irin bojú bí eégún kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Ìwúkàrà tó ti jẹun yó yẹn á kú sísàlẹ̀ ìgò, òun ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wá. Wọn kì í sì í tètè lé e jáde, torí bó ṣe ń pẹ́ pẹ̀lú ọtí ló ń fún un ní òórùn bíi ti búrẹ́dì, nǹkan tí wọ́n ń dúró dè ní gbogbo ọdún mẹ́ta mẹ́rin yẹn nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá da ọtí sínú ìgò míì kẹ́ ẹ lè fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀, gáàsì á bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á dàrú bí omi ògì.

Opó tí mo sọ̀tàn ẹ̀ fún Ìyá Ìbejì lókè yẹn ló já a. Ní 1816, wọ́n ní tábìlì ilé ìdáná ẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé lọ sínú ihò ilẹ̀, wọ́n lu ihò sí i lára, wọ́n ń ti ọrùn ìgò bọ inú ihò yẹn, ìdí sókè, orí sódò. Òun àti Antoine Müller tó jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú ọtí ni wọ́n jọ ń gbìyànjú ẹ̀. Lójoojúmọ́ wọ́n á di ìdí ìgò mú, wọ́n á yí i díẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò lè máa yọ́ bọ̀ sísàlẹ̀, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ á ti kóra jọ sórí kọ́ọ̀kì. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá á wá yọ kọ́ọ̀kì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fò jáde fìrì, á tètè fi àtàǹpàkò dí i kí ọtí tó tẹ̀ lé e. Lóde òní wọ́n ń ti ọrùn ìgò bọ omi iyọ̀ tó tutù ju yìnyín lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á dì, tí wọ́n bá ṣí i á jáde ní odidi bí ọmú búrẹ́dì. Ẹ̀rọ ló sì ń yí ìgò fún ọ̀pọ̀ wọn báyìí, ọ̀sẹ̀ kan ló ń lò. Wọ́n á fi wáìnì tí wọ́n po ṣúgà mọ́ dí àlàfo tó ṣẹ́ kù, kọ́ọ̀kì, wáyà, ó parí. Ibi tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbà lọ nìyẹn, Bàbá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, London ni mo wà, Prosecco tí wọ́n ń tà níbí ò tó ìdajì owó ṣáńpéènì, ó ń hó, ó funfun, ó tún dùn sí mi lẹ́nu jù. Kí ni wọ́n wá ń gbówó lé lórí? — Bọ̀dé, Peckham

ÌDÁHÙN: Àbúrò, wọ́n ń gbówó lé orí gbogbo wàhálà tí mo sọ fún Bàbá Adẹ́mu yẹn. Ti Prosecco, inú táńkì ńlá ló ti ń hó lẹ́ẹ̀kejì, oṣù díẹ̀ ló ń lò, ilẹ̀ Ítálì ló ti wá, àjàrà tí wọ́n ń pè ní Glera ni wọ́n sì ń lò. Ṣáńpéènì, inú ìgò ẹ̀ gan-an ló ti ń hó, Pinot Noir, Chardonnay àti Meunier ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, èyí tí ò bá sì ti agbègbè Champagne wá kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn ní Yúróòpù. Cava ti Sípéènì náà, inú ìgò ló ti ń hó. Níbi tẹ́ ẹ wà yẹn pàápàá, àwọn kan ń ṣe é lọ́nà ti Champagne ní Sussex àti Kent, ibi tílẹ̀ ibẹ̀ ti ní ẹfun bíi ti Reims. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu mi, ẹ ra Prosecco fún ìsọmọlórúkọ tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta èèyàn máa wá, kò sẹ́ni tó máa kú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin àti ìyàwó yín nìkan lẹ máa jókòó tì í, ẹ ná an.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Alásè ni mí, mo tún máa ń kó àwọn ọmọ tó ń gbé ọtí kiri lọ sóde. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn gbọn ṣáńpéènì jìgìjìgì, kọ́ọ̀kì fò, ó fọ́ gílóòbù gbọ̀ngàn, ẹni tó ni gbọ̀ngàn gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìdajì ọtí sì ti dà sára aṣọ ìyàwó. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí nǹkan yìí gan-an? — Ìyá Alásè, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá, ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé gílóòbù ni, kì í ṣe ojú ẹnì kan. Agbára tó wà nínú ìgò yẹn máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti inú táyà mọ́tò. Àṣà kí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n fọ́n ká yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ló ti gbayì, Dan Gurney ló dá a ní Le Mans ní 1967, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ ní ẹ̀tọ́ sí i, ọmọ tẹ́ ẹ sanwó fún kó gbé ọtí ò ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ohun tó ń fà á tó fi ń ya jù ni pé kò tutù. Ooru ló ń lé gáàsì jáde. Ẹ da yìnyín àti omi pa pọ̀ sínú báfù, omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o, yìnyín nìkan ò ká a, ẹ ti ìgò bọ̀ ọ́ dé ọrùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ nù ún gbẹ kó má baà yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ṣí bébà orí ẹ̀, ẹ ó rí wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀, ẹ tú u, ìyípo ìdajì mẹ́fà ló máa ń jẹ́. Látìgbà tí wáyà bá ti tú, àtàǹpàkò ò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ́ọ̀kì mọ́, kódà bí ẹnì kan bá ń pè yín. Ẹ da aṣọ ìnuwọ́ bò ó, ẹ fi ọwọ́ kan di kọ́ọ̀kì mú gírígírí, ẹ dẹ ìgò díẹ̀, ẹnu ẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ èèyàn, ẹ wá fi ọwọ́ kejì yí ìdí ìgò. Ìgò lẹ máa yí o, ẹ má yí kọ́ọ̀kì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó fẹ́ jáde, ìgbà yẹn lẹ máa tún tì í padà díẹ̀ bí ẹni tí ò fẹ́ kó jáde, kó lè máa yọ́ yọ. Kò ní dún ju "fùù" lọ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Ẹ dẹ gíláàsì, ẹ bu díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí ìfófó ẹ̀ rọlẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá bu kún un.

Ẹ tún béèrè nísàlẹ̀ lẹ́tà yín pé kí lẹ lè gbé tì í. Kì í ṣe asun o, ata àti hóhò yẹn pọ̀ fún ẹnu kan, á máa ta wọ́n bí èèrùn. Àkàrà gbígbóná tí iyọ̀ ẹ̀ dọ́gba tí ata ẹ̀ ò pọ̀, tàbí ẹja díndín. Mo ti dán àkàrà yẹn wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kejì a ò rántí jẹ oúnjẹ gidi mọ́.